Ogun Tí Kò Lámì

Tíṣà Àmì ni àdúgbò ń pè é. Ó ti tó ọdún mẹ́jọ tó ti fẹ̀yìn tì, àmọ́ kì í rí ìkéde lára ògiri kó má dúró. Á yọ bírò lápò àyà, á fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, á wá mi orí.

"Ẹ̀kọ́ ti kú," ni á wí fún ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá. "Àwọn ọmọ ìsinsìnyí gboyè jáde, wọn ò lè kọ orúkọ bàbá tó bí wọn."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ọmọbìnrin rẹ̀ gbé ọmọ tirẹ̀ wá fún un, ọmọ ọdún mẹ́ta tí ikọ́ kò jẹ́ kó sinmi. Ìyá ọmọ ti ra oògùn ní ìkángun òpópó. Ó ti fẹ́ pẹ́ dé ibi iṣẹ́, kò tilẹ̀ wọlé.

"Bàbá, ìgò rè é. Ẹ lò ó bí wọ́n ṣe kọ ọ́ síbẹ̀."

"Wọ́n tún mọ̀ ọ́n kọ?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá. Tí mo bá dé, kí ẹ wá bá wọn jà."

Ó wo bébà tó wà lára ìgò: *Kan ogun si omi. Fun omo mu leekan lojumo.* Kò sí àmì kan ṣoṣo níbẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn.

"Ṣé ogun tí wọ́n ń fi ìbọn jà ni?" ó bi ọmọ náà. Ọmọ wúkọ́.

Ogun kì í ṣe ohun tí èèyàn ń kán sómi. Ogún ló kù. Ó yọ bírò, ó fi àmì sórí ọ̀rọ̀ náà, ó hàn kedere. Ó wá ń kán an sínú ife, ó ń kà á sókè, ọmọ ń bá a kà á. Ọmọ náà ka ẹyọ dé mẹ́jọ láìṣì, inú bàbá àgbà dùn. Òun nìkan ló ka ìyókù dé ogún, ó sì fún ọmọ mu.

Kò wá sí i lọ́kàn pé ẹni tó ń ta oògùn lè má mọ bí wọ́n ṣe ń kọ oògùn.

Kò tó wákàtí kan tí ọmọ sùn. Nígbà tó fẹ́ yí i sí ẹ̀gbẹ́, ọwọ́ ọmọ já sílẹ̀ bí aṣọ tútù. Ó pè é. Ó mì í. Ó wọ́n omi sí i lójú. Ojú kò là. Èémí ń bọ̀, á dúró, á tún bọ̀. Ó gbé ọmọ sí èjìká, ó di ìgò mú, ó sáré jáde láìwọ bàtà.

Ọmọbìnrin tó wà nídìí káńtà ní ṣọ́ọ̀bù oògùn náà kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún.

"Ẹ̀kán mélòó lo ní ká fún un?"

"Méjì. Mo sọ fún màmá rẹ̀."

"Ogún lo kọ!"

"Ogún kẹ̀? Oògùn ni mo kọ, Bàbá. Kí ẹ kán oògùn sómi." Ó gba ìgò, ó wò ó dáadáa. "Ta ló fi àmì yìí síbẹ̀?"

"Èmi ni."

Ọmọbìnrin náà ti ń jáde látẹ̀yìn káńtà, ó gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sáré forí lé ilé ìwòsàn.

"Ta ló kọ́ ọ níwèé?" ni Tíṣà Àmì ń pariwo lẹ́yìn rẹ̀. "Ta ló kọ́ ọ pé kí o kọ oògùn bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ̀yin ni, ọ̀gá," ó dáhùn, kò dẹ́kun eré. "Ìwé kẹrin. Èmi ni mo máa ń nu pátákó fún yín."

Tíṣà Àmì rántí ọdún náà. Ọmọ mọ́kànléláàádọ́rin nínú kíláàsì kan, alábẹ̀wò ẹ̀kọ́ sì ń bọ̀. Àpèkọ kò dáa. Ó dúró níwájú wọn, ó ní, "Ẹ fi àmì sílẹ̀. Ẹ kọ ọ́ bó ṣe bọ́ sí yín lẹ́nu. Ẹni tó bá ń kà á á mọ ohun tí ẹ ní lọ́kàn." Gbogbo wọn yege. Alábẹ̀wò bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, wọ́n sọ ọ́ di ọ̀gá ilé ìwé. Ìgbà tó fẹ̀yìn tì ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún aráyé pé ẹ̀kọ́ ti kú. Kò sọ ẹni tó pa á fún wọn.

Ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì béèrè iye ẹ̀kán. Ọmọbìnrin tó ta oògùn ló dáhùn. Wọ́n gbé ọmọ wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Àwọn méjèèjì jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà. Àgbà ní ẹni da eérú leérú ń tọ̀. Ti Tíṣà Àmì fò ó kọjá, ó tọ ọmọ ọmọ rẹ̀ lọ.

"Ọ̀gá, ṣé ó máa jí?" Ó bi í bí wọ́n ṣe máa ń bi í ní kíláàsì, bí ẹni pé ó dájú pé ó mọ̀ ọ́n.

Kò mọ̀ ọ́n.

Ó di nǹkan bí aago mẹ́rin kí nọ́ọ̀sì tó yọjú. "Ó ti lajú. Omi ló ń béèrè." Ìyá ọmọ ti dé nígbà náà. Ó gbé ọmọ rẹ̀, kò wo ojú bàbá rẹ̀, kò sì tún gbé ọmọ wá sílé bàbá rẹ̀ mọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Tíṣà Àmì rí bébà tuntun lára òpó iná, ibi tí wáyà ti já wálẹ̀: *E ma fowo kan waya yii.* Ṣé "ẹ má" ni, àbí "ẹ máa"? Ọmọ mọ́kànléláàádọ́rin. Ó mọ ibi tí ẹnì kan wà nínú wọn. Àádọ́rin yòókù wà níbi kan, bírò wà lọ́wọ́ wọn.

Ọwọ́ rẹ̀ lọ sí àpò àyà, ó dúró síbẹ̀. Àwọn ọmọ ilé ìwé ti ń jáde, wọ́n ń bọ̀ lójú ọ̀nà. Ó fi ẹ̀yìn bo bébà náà, ó na apá méjèèjì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe kí wọ́n má sún mọ́ ọn.