Àtòrì Tí Mo Fi Epo Pa

Èmi fúnra mi ni mo gé àtòrì tí wọ́n fi na ọmọ mi. Létí odò, nínú oko wa lẹ́yìn Ìyànà Ọ̀fà, ni mo ti gé e, mẹ́fà. Mo bó èèpo rẹ̀, mo fi epo pa á, mo fi há òkè ààrò fún ọ̀sẹ̀ méjì. Àtòrì tó bá mu epo, tó sì jẹ èéfín, kì í dá mọ́. Bí o bá tẹ̀ ẹ́, á tún nà padà.

Kóòṣì ni mo gé e fún. Àbíkẹ́yìn mi obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tó máa ṣe tíṣà. Ọmọ náà ga. Bó bá ń wọ yàrá mi, àfi kó tẹrí ba. Gíga yìí ni kóòṣì rí tó fi mú un pé kó máa gbá bọ́ọ̀lù alájùsápẹ̀rẹ̀. Ó wá bá mi lábúlé, ó ń ti alùpùpù rẹ̀ bọ̀, torí bẹntiróòlù ti tán nínú rẹ̀. Ọdún tí bẹntiróòlù wọ́n gan-an nìyẹn.

"Màmá, ọmọ yín máa gba ife fún wa. Tá a bá ti gba ife, ilé iṣẹ́ ńlá kan wà l'Ékòó tó máa gbà á. Bọ́ọ̀lù ni yóò máa gbá, wọ́n á sì máa sanwó oṣù fún un."

"Ìwé rẹ̀ ńkọ́?"

"Ìwé ò ní sá lọ, Màmá."

Èmi tí mi ò kọjá ìwé méjì, kí ni mo fẹ́ sọ? Nígbà tí àtòrì gbẹ, mo ru gàrí lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, mo sì ṣe bí a ti ń ṣe lọ́dọ̀ wa bí a bá fi ọmọ lé olùkọ́ lọ́wọ́. Mo kúnlẹ̀ fún ẹni tí mo lè bí, mo gbé igi mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lé e lọ́wọ́.

"Ẹ bá mi nà án dáadáa. Ojú rẹ̀ nìkan ni kẹ́ ẹ má fọ́."

Kóòṣì rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi ò rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ yẹn náà ni mo kọ́kọ́ rí bí wọ́n ṣe ń gbá a. Orí kọnkéré ni. Kóòṣì ń pariwo, "Ìgbọ̀nwọ́! Ìgbọ̀nwọ́ dà?" Ọmọbìnrin kan fi ìgbọ̀nwọ́ gbá ẹnì kejì rẹ̀ lẹ́nu, ètè ya, ẹ̀jẹ̀ ń kán. Kóòṣì pàtẹ́wọ́: "Bẹ́ẹ̀ ni!" Bọ́ọ̀lù bọ́ lọ́wọ́ ọmọ tèmi. Kóòṣì fa ọ̀kan yọ nínú igi mi, ó fún un ní mẹ́ta lẹ́yìn ẹsẹ̀. Ó ń dún bí ẹni fi aṣọ tútù na àpáta. Ọmọ mi wá bojú wo ọ̀dọ̀ mi.

Mo ní, "Ẹ ṣé o, sà. Ẹ kú wàhálà."

Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń korò lẹ́nu mi.

Nígbà tó wálé fún ìsinmi, orúnkún rẹ̀ ọ̀tún ti wú bí àgbọn. Wọ́n gbá a nídìí bọ́ọ̀lù, kóòṣì ní kó máa gbá a lọ bẹ́ẹ̀. Mo fi omi gbígbóná jó o, mo fi òrí pa á.

"Kí lo fẹ́ gan-an?" mo bi í.

"Mo fẹ́ ṣe tíṣà, Màmi."

"Iṣẹ́ Èkó ńkọ́?"

"Wọ́n mú ẹni mẹ́ta lọ lọ́dún tó kọjá. Ẹnì kan ló ń gbá a. Àwọn méjì ti padà wá jókòó sílé. Wọn ò gbá bọ́ọ̀lù mọ́, wọn ò sì ní sátífíkéètì."

Igi ẹ̀gẹ́ mẹ́ta, ọ̀kan ló hù. Ta ni yóò fi irú ẹ̀gẹ́ bẹ́ẹ̀ gbin gbogbo oko?

"Bí ìdánwò àṣekágbá bá dé, jókòó kó o ṣe é."

"Kóòṣì máa nà mí."

"Nínà kì í pani." Èmi ni mo tún sọ ìyẹn.

Ìdánwò àti bọ́ọ̀lù ife bọ́ sí ọ̀sẹ̀ kan náà. Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, mo gbé gàrí àti gálọ́ọ̀nù epo kan lọ fún un. Mo bá àwọn ọmọ lórí kọnkéré, kóòṣì ń dúró. Ọmọ mi ń tiro bọ̀ láti ibi ìdánwò, bíírò ṣì wà nínú irun rẹ̀.

"Níbo lo ti ń bọ̀?"

"Ìdánwò ni, sà."

"Ṣé bíírò lo máa jù sínú apẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé?"

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín, ẹ̀rù ló ń bà wọ́n.

"Ó ku ẹyọ kan lọ́la, sà. Lẹ́yìn ìyẹn..."

Orí orúnkún tó wú yẹn gan-an ni kóòṣì nà. Ọmọ náà ṣubú. Ó tún nà án níbẹ̀, ojú awọ là, omi àti ẹ̀jẹ̀ jọ tú jáde. Ọmọ mi ké bí ewúrẹ́ tí mọ́tò gbá.

Mo sọ gàrí kalẹ̀. Mi ò sáré.

"Ẹ fún mi nígi mi."

"Màmá, ẹ̀yin lẹ ní kí n nà án!"

"Èmi ni. Mo ti wá gbà á."

"Ẹ lọ jókòó jàre! Ife ni wọ́n ní kí n gbà wá, wọn ò ní kí n gba tíṣà wá." Ó gbé igi sókè.

Mo gbá a mú lófuurufú. Ó la àtẹ́lẹwọ́ mi. Àpá rẹ̀ rèé. Ó fà á, mo fà á, ó fi ọwọ́ kan tì mí láyà. Ni mo bá fi ọwọ́ kejì ju gálọ́ọ̀nù epo lù ú ní párì. Ìdérí fò, epo dà bò ó, ó ṣubú. Ó fẹ́ dìde, epo yọ̀ ọ́, ó fi ẹnu gbá kọnkéré, eyín méjì já sínú epo.

"Ìwọ," mo ní, "dùbúlẹ̀ síbẹ̀."

Mi ò ní purọ́, mo nà án. Mo nà án títí apá fi ro mí, ó sì dùn mọ́ mi. Dídùn yẹn ló dẹ́rù bà mí. Mo dúró, mo fi orúnkún ṣẹ́ igi náà kí n lè jù ú nù. Ó tẹ̀, ó nà padà. Mo tún ṣẹ́ ẹ, ẹ̀jẹ̀ ọwọ́ mi ń yọ̀ lára rẹ̀. Kò dá. Mo rántí epo tí mo fi pa á.

Ní àárọ̀ Fúráìdeè, ọmọ ò lè dìde. Mo pọ̀n ọ́n. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ń wọ́lẹ̀ lẹ́yìn mi.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní, "Màmá, ẹ já ọmọ yín lẹ́nu ọmú o!"

"Bó bá ṣe ìdánwò tòní tán, màá já a."

Lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, olùkọ́ tó ń ṣọ́ ìdánwò wo ẹsẹ̀ náà. "Ta ló ṣe é báyìí?"

Ọmọ mi ń mí sí mi lọ́rùn, ó ń retí ohun tí màá sọ.

"Àwa méjì ni, sà, èmi àti kóòṣì. Ẹ jẹ́ kó wọlé."

Ó wọlé, wọ́n gbé àga kejì fún un kó na ẹsẹ̀ lé. Ife bọ́ lọ́wọ́ wọn lọ́jọ́ Sátidé. Òun yege. Iléèwé kan ní abúlé Olódò ló ti ń kọ́ni títí dòní, orúnkún yẹn kò sì ká mọ́. Orí ìjókòó ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ.