Ẹṣin Tí A Dúró Dè

Títí di òní, bí mo bá kọjá níbi tí wọ́n ti ń la pákó, tí òórùn èérún pákó sì fẹ́ sí mi nímú, ẹsẹ̀ ẹṣin bàbá mi ni mo máa ń rántí. Ìbà là ń gbé nígbà náà, kí àwọn ọdún 1980 tó kógbá wọlé. Bàbá mi ń ta pákó ní Ìyànà Ìbà, ṣùgbọ́n ẹṣin funfun rẹ̀ ni gbogbo àdúgbò fi mọ̀ ọ́n. Bí ọmọ kan bá parí kéwú, lọ́jọ́ wólímọ̀ rẹ̀, ẹṣin náà ni yóò gùn yí àdúgbò ká, tòun ti ìbòrí àti aṣọ funfun, kí gbogbo ayé lè rí i. Ọdún tó ń bọ̀ ló kàn mí. Mo ti fọ́nnu fún àwọn ẹgbẹ́ mi títí. Èèyàn á rò pé èmi ni mo bí ẹṣin náà.

Oore àwọn èèyàn ló ba nǹkan jẹ́. Lọ́jọ́ tí ẹṣin gbé ọmọ kan dé Òkokomáíkò, gbogbo ilé tí wọ́n ti dúró ni wọ́n ti ń bu àgbàdo fún un. Sàárà ni wọ́n kà á sí, ta ni yóò sì ní kí wọ́n má ṣe sàárà? Kò pẹ́ sígbà náà tí ẹṣin kò fi lè rìn mọ́. Ó ń fara sẹ́yìn kó má baà tẹ ẹsẹ̀ iwájú mọ́lẹ̀, pátákò rẹ̀ sì gbóná. Dókítà ẹran wá wò ó. Ó ní àpọ̀jù àgbàdo ló mú kí inú pátákò wú, ṣùgbọ́n kò tíì wọra púpọ̀: kí ẹṣin máa dúró lórí ohun tó rọ̀, kó máa jẹ koríko gbígbẹ nìkan, kí ẹnikẹ́ni má sì gùn ún títí pátákò tuntun yóò fi hù láti òkè dé ilẹ̀.

Ló bá di pé bàbá mi ń ru èérún pákó wálé láti ṣọ́ọ̀bù, ó ń tẹ́ ẹ nípọn bí ẹni tó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún ìyàwó ọ̀ṣìngín. Nígbà tó yá, ẹṣin bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ìlà kan hàn lára pátákò rẹ̀; òkè ìlà náà ń dán, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣì rí wúruwùru. Díẹ̀díẹ̀ ni ìlà yẹn ń sọ̀ kalẹ̀, ojú kò lè rí i bó ṣe ń lọ.

Ọjọ́ wólímọ̀ mi ti ń sún mọ́lé, ìlà kò tíì ju ìdajì ọ̀nà lọ.

“Bàbá ẹ̀, ẹṣin yìí ti okay o,” ni ìyá mi wí. “Ẹ jẹ́ kí ọmọ gùn ún.”

“Pátákò ò tíì délẹ̀,” ni bàbá mi dáhùn. “Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.” Ó yíjú sí mi. “Mo ti bá ẹnìkan sọ̀rọ̀ ní Ọ̀jọ́, á yá wa ní ẹṣin tiẹ̀.”

Mo ní n kò fẹ́. Ẹṣin wa ni mo fẹ́ gùn. Kí wọ́n sún wólímọ̀ tèmi sí ọdún tó tẹ̀ lé e. Inú bàbá mi dùn, ó ní ọmọ òun ní sùúrù. Agídí lásán ni, ṣùgbọ́n mo gba oríyìn náà.

Kí ọdún tó yí po, bàbá mi ṣubú ní ṣọ́ọ̀bù, kò sì dìde mọ́. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni.

Ìlà náà délẹ̀. Pátákò le koko, ó ń dán láti òkè dé ìsàlẹ̀. Lọ́jọ́ wólímọ̀ mi, ẹ̀gbọ́n bàbá mi di ìjánu mú, wọ́n gbé mi gun ẹṣin, ẹṣin kò sì tiro rárá. Àwọn èèyàn ń pariwo, wọ́n ń sọ bí mo ṣe rẹwà tó. Mo ń sunkún lábẹ́ ìbòrí mi. Gbogbo Ìbà ló ń wò mí, ojú kan ṣoṣo tí mo torí rẹ̀ dúró kò sí níbẹ̀.

N kò bínú sí ẹṣin náà. Ó yẹ ká ní sùúrù fún un, ó sì sàn. Nígbà tí ọmọbìnrin tèmi parí kéwú, a wá ẹṣin títí, a kò rí. Àwọn ẹbí ní ká sún wólímọ̀ rẹ̀ síwájú. Mo ní rárá, kó fẹsẹ̀ rìn. Bàbá rẹ̀ ṣì wà láàyè láti wò ó.