Ìyá Tó Fẹ́ Mọ Ohun Tó Ń Ṣe É

Ó dìgbà kan ná, Màmá. Ilé ṣófo, ọ̀ọ̀dẹ̀ dá. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, ó sì ti pẹ́ lẹ́nu mi.

Ìyá mi, olùkọ́ gidi, ẹ̀yin tí ẹ kọ́ bàbá nígbà èwe rẹ̀ ní Ṣàrẹ́, tí ẹ tún wá kọ́ ọmọ rẹ̀ ní Òmù-Àrán. Ẹ kì í gba ohunkóhun gbọ́ láìyẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ ó gbóòórùn ẹja kí ẹ tó rà á. Bí ọmọ iléèwé bá ní inú ń run òun, ẹ ó wo ahọ́n rẹ̀, ẹ ó sì bi í bóyá ìdánwò wà lọ́la. Ní àwọn ọdún ọ̀wọ́n tí a ń tò fún ṣúgà àti ọṣẹ, tí oníṣòwò gbogbo ń búra pé ọjà tán, ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé, "Ẹni tó bá tètè búra, ẹ wo ẹ̀yìn ilé rẹ̀."

Nígbà tí òkèlè iyán bẹ̀rẹ̀ sí há yín lọ́fun, èmi ni mo mú yín lọ sọ́dọ̀ dókítà ilé ìwòsàn àdúgbò wa, ọ̀dọ́mọkùnrin jẹ́jẹ́ kan. Ó ní, "Màmá, ọ̀pọ̀ ìgbà, kì í ṣe nǹkan gidi. Ẹ lè lo oògùn fún oṣù kan ká wò ó, ẹ sì lè lọ ṣàyẹ̀wò ní Ìlọrin báyìí, kí wọ́n bu ẹran díẹ̀ lọ́fun yín láti mọ̀ bóyá jẹjẹrẹ ni. Èwo lẹ fẹ́?" Ẹ wò ó láti òkè awò ojú yín. Ẹ ní, "Dókítà, nínú àwa méjèèjì, ta ló lọ kọ́ṣẹ́ ìṣègùn?" Àwa rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ò rín. Ẹ ní bí ìfura náà tilẹ̀ kéré bí orí abẹ́rẹ́, àyẹ̀wò lẹ fẹ́. "Ohun tó wà lára mi, èmi ni kó kọ́kọ́ gbọ́ ọ."

Bọ̀dá Ṣẹ́gun, àkọ́bí yín tó ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó, ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní ohun tí a ò bá wá, a ò ní rí i. Ẹ lọ ṣáá, àní ìbọ̀wọ́ tí wọ́n fi yẹ̀ yín wò, àwa la rà á dání. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí a lọ gba èsì, a ṣe é bí wọ́n ti ń ṣe é nílé wa: àkọ́bí ọkùnrin ló wọlé, ẹ̀yin jókòó síta lórí bẹ́ǹṣì. Bọ̀dá ka ìwé náà, ó nà án sí mi. Jẹjẹrẹ ni, ó sì ti kọjá iṣẹ́ abẹ. A nu ojú wa, a jáde, a ní ọgbẹ́ inú ni. A ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò yẹ létí àgbà.

Ẹ ò gbà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí ṣọ́ wa. Ẹ ní, "Ọgbẹ́ inú wo ló ń mú Ṣẹ́gun ti Èkó wálé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, nígbà tí epo ò sí?" Ẹ kíyè sí i pé àdúrà pásítọ̀ ti gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, pé àwọn tó wá kí yín ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ìgbà mẹ́ta lẹ di ọwọ́ mi mú tí ẹ ní, "Bọ́lá, ṣé ọgbẹ́ inú ni?" Ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ògiri ni mo ń wò. Lẹ́yìn ẹ̀kẹta, ẹ ò bi mí mọ́, mo sì rò pé ẹ ti gbà mí gbọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà. Ó ní oṣù márùn-ún kí ẹ tó fi wá sílẹ̀ ni ẹ dá wá bá òun, tí ẹ ní kí òun ka èsì tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti Ìlọrin fún yín, nítorí ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n yẹ̀ yín wò. Ó kà á. Lẹ́yìn náà ẹ ní, "Má sọ fún àwọn ọmọ pé mo mọ̀. Irọ́ yẹn ni wọ́n fi lè jókòó tì mí."

Oṣù márùn-ún la fi wà nínú yàrá kan náà, tí ẹ̀yin nìkan ń gbé ẹrù yìí, nítorí ẹnu wa ò gbà á. Ó dùn mí dé egungun. Ohun kan ṣoṣo lẹ bèèrè lọ́wọ́ wa, a sì fi dù yín.

Ẹ jẹ́ kí n dá yín lóhùn lójú gbogbo ẹni tó ń ka ìwé yìí. Rárá, Màmá. Kì í ṣe ọgbẹ́ inú. Jẹjẹrẹ ni. Ẹ sùn re, ìyá mi, ẹ sùn re o.