Abẹ Bàbá Onígbàjámọ̀

Lánàá, mo rí abẹ kan nínú irin àlòkù ní Ọjà Ọba ní Bìní. Ó ti dípẹtà, ṣùgbọ́n okùn pupa ara èkù rẹ̀ ni mo fi mọ̀ pé ti bàbá onígbàjámọ̀ àdúgbò wa ni; alágbẹ̀dẹ Bìní kan ló rọ ọ́ fún un. Bàbá kì í fá ẹnikẹ́ni láìkọ́kọ́ dán abẹ náà wò lápá ara rẹ̀, débi pé apá òsì rẹ̀ ò nírun rárá.

Nígbà tó fẹ́ fá òkú bàbá mi, ó tún dán an wò.

Mo ní, "Bàbá, òkú ò mọ ìrora mọ́."

Ó ní, "Ta ló sọ fún ọ?"

Nígbà tí òun náà kú, a ò rí abẹ yìí. Bíléèdì tuntun ni mo fi fá a, mi ò dán an wò. Ó gé e lẹ́rẹ̀kẹ́. Mi ò mọ ìgbà tí mo ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá."