Ọjọ́ tí Alhaja Gbàgbé Orin Ara Wọn

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò tíì lè sọ síta látìgbà tó ti ṣẹlẹ̀. Ẹ gbà mí láyè kí n sọ ọ́ lónìí, bóyá ọkàn mi á fúyẹ́ díẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ ìròyìn ni mò ń ṣe, fídíò ni mo sì máa ń yà jù. Lọ́dún tó kọjá, ọ́fíìsì rán mi pé kí n lọ ya olórin wákà kan tó ti pẹ́ tí wọ́n ti kọrin kẹ́yìn, tí wọ́n fẹ́ padà wọ sítúdíò. Mi ò ní dárúkọ wọn. Alhaja la ó máa pè wọ́n. Àmọ́ tí rédíò bá ń ké nílé yín láàárọ̀ Jímọ̀ nígbà tí ẹ wà lọ́mọdé, ẹ mọ ohùn wọn! Orin wọn ni ìyá mi máa ń kọ tí wọ́n bá ń dáná.

Mowe ni sítúdíò náà wà, lókè ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe. Ẹ ò rí nǹkan! Pùródúsà ní láti sọ̀kalẹ̀ lọ bẹ àwọn mẹkáníìkì kí wọ́n dákẹ́ ariwo fún wa.

Alhaja dé láti Ibafo pẹ̀lú ọmọ wọn obìnrin, tí n ó máa pè ní Àǹtí Ràṣídá. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Alhaja ṣàdúrà fún mi, wọ́n tún fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé kámẹ́rà mi tóbi jù mí lọ. Inú mi dùn gan-an!

Orin tó sọ wọ́n di olókìkí ni wọ́n fẹ́ tún kọ. Wọ́n kọ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, gbogbo wa mí kanlẹ̀. Lójijì, wọ́n dákẹ́. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀, wọ́n tún dákẹ́ níbì kan náà. Pùródúsà ní kí wọ́n má ṣèyọnu, ó bá fi àwo orin náà ti àtijọ́ sí i kí wọ́n gbọ́. Alhaja ń fetí sí i, wọ́n ń mirí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Ni wọ́n bá yíjú sí mi.

"Ọmọ mi, ta ló kọrin yìí? Ohùn ẹ̀ mà dùn o!"

Mo kọ́kọ́ rò pé àwàdà ni. Mo wo Àǹtí Ràṣídá lẹ́yìn gíláàsì yàrá ìkọrin: wọ́n ti fọwọ́ bo ẹnu. Kí lẹ̀yin ì bá sọ?

"Ẹ̀yin ni, mà."

"Èmi kẹ̀?" Alhaja rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà sì kú lójú wọn. Mo rí i pé ohun tó ń ṣe wọ́n yé wọn lákòókò yẹn. Omijé bọ́ lójú Alhaja.

"Ṣé o ń ká a sílẹ̀?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Má pa á rẹ́. Tí n bá tún gbàgbé, kí o fi hàn mí."

Àmọ́ lórí àtẹ̀gùn, Àǹtí Ràṣídá di ọwọ́ mi mú. Wọ́n ní dókítà ti sọ fún àwọn pé àìsàn ìgbàgbé náà ò ní padà sẹ́yìn. Wọ́n bẹ̀ mí kí n pa fídíò náà rẹ́, káwọn èèyàn má fi ìyá wọn ṣe ẹlẹ́yà lórí fóònù. Ọ́fíìsì náà ń pè mí pé fídíò dà! Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀? Mi ò fi ránṣẹ́, ọ̀gá mi sì bínú gidigidi. Mi ò sì lè pa á rẹ́.

Nígbà tó yá, Àǹtí Ràṣídá gbà kí n wá sí Ibafo. Alhaja ò mọ̀ mí mọ́. Mo fi fídíò náà hàn wọ́n lórí fóònù mi. Nígbà tó dé ibi omijé, wọ́n fi etí ìborùn wọn nu ojú fóònù náà jẹ́jẹ́.

"Ẹ bá mi bẹ obìnrin yìí kó má sunkún mọ́. Ta ló ṣe é?"

Àǹtí Ràṣídá dìde, wọ́n gba ẹ̀yìnkùlé lọ.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ò pọ̀. Tí òbí yín bá ń sọ ìtàn tí ẹ ti gbọ́ rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá wọn dúró. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ tán.

Ta ló ti tọ́jú ẹni tó wà nírú ipò yìí rí nínú yín? Kí lẹ máa ń dáhùn tí wọ́n bá bi yín pé ta ni yín? Ẹ bá mi kọ ọ́ sísàlẹ̀. Àǹtí Ràṣídá máa kà á.