Obì Tí Kòkòrò Jẹ Lókè Apẹ̀rẹ̀

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin la jọ ń ta obì gbàǹja ní Ṣàgámù. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá ń di apẹ̀rẹ̀, èyí tí kòkòrò ti jẹ ni wọ́n máa ń tò sókè, kí oníbàárà lè kọ́kọ́ rí i.

Mo máa ń fi wọ́n ṣe ẹ̀fẹ̀ pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé obì lẹ ń tà ni àbí kòkòrò?"

Wọ́n á ní, "Gbẹ́nu ẹ dákẹ́. Ẹni tó bá ti rí i lókè kò ní máa tú ìsàlẹ̀ wò."

Nígbà tí epo ọkọ̀ wọ́n, tí nǹkan le, àwọn kan ládùúgbò wa bẹ̀rẹ̀ sí í fi obì tó dára bo èyí tó bàjẹ́. Kò pẹ́ tí àwọn Hausá tó ń kó o lọ sókè Ọya fi pa wá tì. Obì ń rà nínú ewé, ẹ̀rù ebi sì ń bà mí. Lóòótọ́ ni epo wọ́n, ṣùgbọ́n ọwọ́ ara wa la fi ti ilẹ̀kùn ọjà.

Àfi bí ọkọ̀ kan ṣe dúró láàárọ̀ ọjọ́ kan. Hausá kan sọ̀kalẹ̀, ó ní, "Ìyá tó ń fi kòkòrò sókè ńkọ́?" Ó ra tiwa tán. Ó ní òun á ra ti gbogbo àdúgbò, bí ìyá náà bá lè bá wọn dì í.

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ẹ̀gbọ́n mi.

Wọ́n ní, "Dìde, jàre. Fún mi léwé."