Lọ́fínńdà tí mo fín lónìí

Ṣé opó ò gbọdọ̀ ta sánsán ni?

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wá láti Ìtàjí láàárọ̀ yìí. Kí wọ́n tó jókòó, wọ́n ti gbóòórùn ara mi.

"Ìyàwó, o ò tíì bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀, o ti ń fín lọ́fínńdà. Ta lò ń fín in fún nínú ulé àbúrò mi?"

Mo wọ yàrá, mo gbé ìgò lọ́fínńdà náà wá fún wọn.

Wọ́n gbé e símú. Wọ́n wá rọra jókòó, wọ́n ń pe orúkọ àbúrò wọn.

Lọ́fínńdà ọkọ mi ni. Bí mi ò bá fín in, oorun kì í kùn mí.

Nígbà tí wọ́n ń lọ, wọ́n nawọ́ sí mi: "Fín díẹ̀ sí mi lọ́wọ́."

Mo ti wá irú ẹ̀ jákèjádò Ìkọ̀lé, kò sí. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ìgò yìí ti fẹ́ gbẹ. Bó bá wá tán ńkọ́?